Imú Tó Ń Dán Ìyẹ̀fun Wò

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà ọdún 2022, nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, wọ́n gbé ọkùnrin kan tó ń po ìyẹ̀fun nílé búrẹ́dì wọ ilé ìwòsàn. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni. Ó lóun ti lo ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Ìwé ilé búrẹ́dì ní méjìdínlógún.

Imú-kì-í-parọ́ ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Bí àpò ìyẹ̀fun tuntun bá dé, òun ni í tú u. Á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á fẹ́ ẹ bí ẹni ń fẹ́ná, á wá fi imú gba èyí tó bá fò sókè. Ìgbà náà ni yóò sọ bóyá ó ti pẹ́ jù nínú àpò, tàbí omi ti kàn án. Máníjà gan-an kì í buwọ́ lùwé ọjà kí ọkùnrin yìí tó fẹ́ ẹ.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ikọ́ fée bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ṣì í lọ́nà ni pé níbi iṣẹ́, kò ju kó sín lẹ́ẹ̀mejì lọ. Ó di ọ̀sán, tó ti ti ibi iṣẹ́ òwúrọ̀ délé, kí àyà rẹ̀ tó há, tí yóò máa dún bí fèrè.

“Ilé yìí ló ń pa mí,” ló sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ó gbé tìmùtìmù jù síta. Ó ní kí obìnrin náà má fi pàúdà sára mọ́, kó má sì gbálẹ̀ lójú òun.

“Ó kù kí ẹ ní kí n má mí mọ́,” ni ìyàwó dá a lóhùn. “Àbí kí n kó lọ bá ìyá mi, kí ẹ lè rí afẹ́fẹ́ gbà?”

Kò rẹ́rìn-ín. Ibi iṣẹ́ ló ń sá lọ kó lè mí.

Nígbà tí ààrò ilé búrẹ́dì bàjẹ́, tó jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, àyà rẹ̀ já gaara.

“Ilé kan náà nìyí o, eruku kan náà,” ni ìyàwó wí. “Fèrè inú àyà yín dà?”

“Ó ti lọ ni,” ló ní.

Ọjọ́ tó padà, àpò mẹ́fà ló ń dúró dè é. “Ọ̀gá Imú, a ò fọwọ́ kan nǹkan kan o,” ni ẹni tó ń dáná ààrò wí. Ó fẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ló ṣubú sí.

Dókítà tó bá a sọ̀rọ̀ kéré sí i lọ́jọ́ orí. “Ẹ̀gbọ́n,” ló wí, “àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó ń ṣọ́ ara yín. Ìyẹ̀fun ò ṣe wọ́n ní nǹkan kan, àmọ́ wọ́n ti kà á sí ọ̀tá. Àwọn tó wà nínú imú àti ọ̀nà èémí máa ń bẹ́ tí wọ́n bá ti rí i. Ìyẹn ló ń mú yín sín. Wọn á wá ránṣẹ́ pe àwọn ẹgbẹ́ wọn láti inú ẹ̀jẹ̀. Ó máa ń tó wákàtí mélòó kan kí àwọn yẹn tó pé. Oró tí wọ́n gbé wá bá ọ̀tá, ọ̀nà èémí yín ni wọ́n ń dà á sí, á sì wú. Ẹ ti délé nígbà yẹn.”

Ìyàwó ń wo ilẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò lè wojú rẹ̀.

“Oògùn tí wọ́n ń fà sẹ́nu ńkọ́?” ló bi dókítà.

“Á dín in kù. Àmọ́ tí ẹ bá padà sídìí ìyẹ̀fun, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Àwọn kan wà nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa rántí lọ. Bí ọdún gorí ọdún, ẹ̀kúnwọ́ kan ti tó láti jí wọn.”

Máníjà ti ránṣẹ́ pé kò sí yàrá kankan nílé búrẹ́dì tí òun lè gbé e lọ tí ìyẹ̀fun kò dé. Òótọ́ ni. Fáìlì inú ọ́fíìsì rẹ̀ pàápàá, ṣe ló funfun.

Ọkùnrin náà yíjú sí dókítà.

“Dókítà,” ló wá wí, “àwọn tí ẹ ní wọn kì í gbàgbé yẹn, ṣé wọ́n máa ń kú ṣáájú onílé tí wọ́n ń ṣọ́?”