Ètè Tó Wà Lókè Ilẹ̀kùn

Nígbà Rẹfolúsíọ̀n, tí àwọn ológun ń ṣèjọba lórúkọ aráàlú, ìjọba gba ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan ní Àjàṣẹ́, wọ́n fi ṣe bírò. Mi ò ní sọ èwo ni. Àwọn Àgùdà ló kọ́ ọ, wọ́n sì fi igi ọlọ́nà yí òkè ilẹ̀kùn rẹ̀ ká. Ikán ti jẹ apá kan.

Kámáráàdì tó jẹ́ ọ̀gá bírò náà gbé àjákù igi wá bá èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ní ṣọ́ọ̀bù gbẹ́nàgbẹ́nà wa.

“Ẹ ṣe irú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹni tó bá ba iṣẹ́ yìí jẹ́, ọ̀tá aráàlú ni.”

A mọ ibi tí wọ́n ń kó ọ̀tá aráàlú lọ.

Àwọn ọ̀gá gbẹ́nàgbẹ́nà àtijọ́ ló sọ ọnà yẹn lórúkọ. Nítorí pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ yọ síta bí ẹnu gómìnà òyìnbó tó ń pàṣẹ, wọ́n ń pè é ní Ètè Gómìnà. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe orúkọ yẹn lójú kámáráàdì.”

“Kí ni kí n wá máa pè é? Ètè ìyàwó ẹ?”

Mo fi tupí, ẹ̀rọ iná tí mo gba ẹnubodè Kraké gbé wọlé, gbẹ́ ẹ. Nígbà tí kámáráàdì dé, ó to tuntun mọ́ ti àtijọ́. Tèmi ń dán, àmọ́ ètè rẹ̀ kò yọ tó.

“Èyí kọ́,” ló wí.

Ẹ̀gbọ́n mi mú rábò, irinṣẹ́ ọwọ́ àtijọ́ tí a fi ń fá igi, tí ọ̀gá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, èyí tí abẹ rẹ̀ tẹ̀ bí ọnà náà. Ó fi fá igi òkè ètè tuntun náà lẹ́ẹ̀mẹta péré, igi méjèèjì bára mu. Inú rẹ̀ dùn jù.

“Ẹ wò ó! Ètè Gómìnà pọ́ńbélé!”

“Ètè ta ni?”

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ẹnu kámáráàdì dáadáa. Ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti igi náà, ọmọ ìyá ni wọ́n.

“Ètè Aráàlú ni, kámáráàdì,” mo dáhùn kíá.

“Kí ló dé tó fi yọ báyìí? Ṣé inú ń bí aráàlú ni?”

Ẹ̀gbọ́n mi kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Orin Rẹfolúsíọ̀n ni wọ́n ń kọ. Ta ló ń kọrin tí ètè rẹ̀ kì í yọ?”

Kámáráàdì fọwọ́ kan ètè ara rẹ̀, ó rọra kọ ìlà orin kan. “Òótọ́ ni,” ló wí. Ó ní ká ṣe ti ilẹ̀kùn mẹ́rin sí i.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó kọ orúkọ Ètè Aráàlú sílẹ̀, kó sì lu òǹtẹ̀ bírò lé e. Ìjọba yẹn ti lọ tipẹ́. Ìwé náà ṣì wà nínú àpótí mi. Ta ló mọ ọ̀la?