Jíìpù Tó Rò Pé Ọyẹ́ Ló Ń Fẹ́ Lójoojúmọ́

Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé jíìpù àgbà kì í mu epo, ẹ wojú rẹ̀ dáadáa, bóyá ó fẹ́ tà á fún yín ni. Ẹni tó ta tèmi fún mi ń rẹ́rìn-ín músẹ́ títí mo fi wà á kúrò lójú rẹ̀. Ìjọba alágbádá ti lo ọdún mélòó kan nígbà náà, fóònù alágbèéká ti di ohun tí tẹrú tọmọ ń lò, èmi náà sì rò pé ó tó gẹ́ẹ́ kí n máa háyà ọkọ̀ kó bébà. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mo ń ṣe ní Ṣómólú. Jíìpù tòkunbọ̀ yìí ló ń bá mi gbé bébà wá, òun náà ló ń gbé ìwé tí a ti dì lọ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́.

Ó lágbára lójú. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti kó bébà sí i lẹ́yìn, tí a sì kan ibi tí ọ̀nà ti gòkè díẹ̀, ṣe ni yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ó tún ń mu epo bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu ààwẹ̀. Mẹkáníìkì mi ní Bàrígà, àgbàlagbà ará Ọ̀yọ́ kan tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, ṣe gbogbo ohun tó mọ̀. Ó pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì, ó fọ gbogbo ojú ibi tí epo ń gbà wọlé, ó fi etí sí ẹ́ńjìnì títí.

“Ọmọ mi,” ó ní, “ọkọ̀ yìí ti dàgbà ni. Ìwọ náà, tó o bá dàgbà, o ò ní lè sáré mọ́.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Bàbá jẹ́ sí mi. Lọ́dún tí mo ra jíìpù náà, ó kú mọ́ mi lọ́wọ́ lójú ọ̀nà Ìkòròdú nínú òjò. Mo pe Bàbá lórí fóònù. Ó wọ ọkọ̀ méjì, ó sì fẹsẹ̀ rin èyí tó kù. Nígbà tó yọ sí mi, àpò irinṣẹ́ wà léjìká rẹ̀, búrẹ́dì tó rà fún mi sì wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo ṣe ń kúnlẹ̀ kí bàbá tó bí mi ni mo ń kúnlẹ̀ kí i.

Oníbàárà mi kan tó ń ṣe olùkọ́ ní Akọka ló wá sọ fún mi nípa ọkùnrin kan ní Fọlá Agoro, tí wọ́n ń pè ní Íńjíníà. “Kọ̀ǹpútà kan wà nínú ọkọ̀ yín tó ń pàṣẹ fún ẹ́ńjìnì,” ó ní. “Ọkùnrin yìí máa ń tún àṣẹ náà kọ, kó lè bá irú ẹrù tí ẹ ń gbé mu.”

Ní àdúgbò wa, aláìsàn lè lọ rí dókítà mẹ́ta, ẹnikẹ́ni kò ní bi í. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn gbé ọkọ̀ tí mẹkáníìkì kan ń tọ́jú lọ bá ẹlòmíràn lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni lọ jẹun nílé orogún ìyá rẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé bí Bàbá bá gbọ́, kò ní bá mi jà. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Yóò kàn dákẹ́ ni, kò ní pè mí ní ọmọ rẹ̀ mọ́, yóò máa pè mí ní mádàámù. Mi ò fẹ́ pàdánù rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ epo.

Síbẹ̀ mo lọ. Mo gba ẹ̀yìnkùlé ẹ̀yìnkùlé bí olè, kí n má baà kọjá níwájú rẹ̀.

Íńjíníà ki waya kan bọ abẹ́ sítíárìn, ó so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù rẹ̀, ó jókòó tì mí, ó ní kí n máa wà á lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì péré la yí àdúgbò po.

“Mà, ta ló yọ tẹmósítáàtì ọkọ̀ yìí?”

Mo ní mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ṣàlàyé pé ìdérí kékeré kan ni, tó máa ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnì á fi gbóná dé ibi tó yẹ. Tí kò bá sí níbẹ̀, omi tútù á máa ṣàn ṣáá, ẹ́ńjìnì kò ní gbóná tó. Kọ̀ǹpútà á wá rò pé òwúrọ̀ ọyẹ́ ni, á máa da epo sí i kí ara rẹ̀ lè yá.

“Láti ìgbà tí ẹ ti rà á, mà, ni ọyẹ́ ti ń mú un.”

Mo rẹ́rìn-ín débi pé omi bọ́ lójú mi. Ìgbà tó yá ni mo rántí ẹni tó yọ ọ́, ẹ̀rín náà sì kú. Bàbá ni. Ọ̀sẹ̀ tí jíìpù náà dé ló yọ ọ́, bí gbogbo mẹkáníìkì tí mo mọ̀ ṣe máa ń yọ ọ́. “Ìlú òyìnbó ló tutù,” ó wí fún mi lọ́jọ́ náà. “Níbí, kí la fẹ́ fi èyí ṣe?” Mo tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo bẹ Íńjíníà pé kó kúkú kọ àṣẹ tuntun náà bẹ́ẹ̀. Ó kọ̀. “Orí irọ́ ni mo máa kọ ọ́ sí, mà. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yín dá a padà ná.”

Ni mo bá ra tẹmósítáàtì tuntun, mo gbé e lọ sí Bàrígà, mo sì parọ́ fún Bàbá.

“Bàbá, mo rí i nínú ìwé tó bá ọkọ̀ wá ni.”

“Ìwé wo? Ọkọ̀ tí kò bá jáàkì wá, òun ló bá ìwé wá?”

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò lo ogún ìṣẹ́jú. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan ẹ̀yìnkùlé tí mo gbà. Bàbá nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àkísà, ìka kọ̀ọ̀kan.

“Ó dáa, mádàámù.”

Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tí ọ́ìlì ti sọ di dúdú, tèmi ti síkẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ mi. “Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ̀rù bà mí ni.”

Bàbá wẹ ọwọ́, ó wọ bùbá tó mọ́, ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀. “Mú mi lọ bá a.”

Mo wà á dé Fọlá Agoro. Íńjíníà dọ̀bálẹ̀ kí i gbalaja. Ó wá fi nọ́ńbà ìgbóná ẹ́ńjìnì hàn án lójú láptọ́ọ̀pù: kò kọjá àádọ́rin. Bàbá kò jiyàn. Ó tú ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀, ó fi tẹmósítáàtì sí i, ó bu omi, ó ní kí n ṣíná ọkọ̀. Nọ́ńbà ń gòkè. Bàbá gbé ọwọ́ lé rọ́bà omi tí yóò gbóná bí ìdérí náà bá ṣí, kò wo láptọ́ọ̀pù mọ́. Nígbà tí nọ́ńbà kù díẹ̀ kó pé àádọ́rùn-ún, ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ wàrà.

“Ó ti ṣí,” ó ní.

Íńjíníà kọ àṣẹ tuntun náà, a sì wa jíìpù jáde. Bébà ọjọ́ náà ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó sáré bí ẹni tí ìyá rẹ̀ pè wá jẹ iyán. Mo hó yèè. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

“Ṣé gbogbo ọkọ̀ tí mo ti yọ tẹmósítáàtì ni ọyẹ́ ń mú?” ó bi Íńjíníà.

“Àwọn tó bá ní kọ̀ǹpútà, Bàbá. Àwọn àtijọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára.”

Nígbà tí a padà dé Bàrígà, mo rò pé yóò ní kí n máa lọ. Ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé ike ọ̀dà kan jáde, ó sì dà á sórí àpò. Tẹmósítáàtì ni gbogbo rẹ̀, àwọn mìíràn ti dípẹtà. Gbogbo èyí tó ti yọ láti ọdún pípẹ́ wá ló wà níbẹ̀, nítorí kì í da nǹkan oní-nǹkan nù. Ó ṣa àwọn tó jẹ́ ti ọkọ̀ oníkọ̀ǹpútà sọ́tọ̀, ó ń dárúkọ ẹni tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan.

“Ọmọ mi, bá mi pè wọ́n. Kí wọ́n máa gbé ọkọ̀ wọn bọ̀.”

Mo ní ṣé kí n kàn sọ pé ó fẹ́ yẹ ọkọ̀ wọn wò. Ó mi orí. Fóònù ẹni àkọ́kọ́ ti ń dún nígbà tó na ọwọ́, tó gba tèmi lọ́wọ́ mi. Ó ṣí fìlà lórí bí ẹni pé oníbàárà náà dúró síwájú rẹ̀. Ojú tì mí.

“Ẹ kú iṣẹ́ o,” ó ní. “Àṣìṣe kan ni mo ṣe sí ọkọ̀ yín.”