Tíṣà Níbo-Lẹ-Wà Wá Ìyálé

Lọ́dún 1956, ọdún kejì tí ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, bí o bá dé Ìkẹ́rẹ́ tí o ń béèrè Pius Akínwándé, wọ́n á máa wò ọ́ bí ẹni tó ṣìnà. Ṣùgbọ́n bí o bá ní Tíṣà Níbo-Lẹ-Wà lò ń wá, ọmọ ọdún mẹ́ta á mú ọ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ìwé ìtàn ilé wọn tó ń kọ ló fa orúkọ náà. Bí o bá sọ fún un pé bàbá ńlá wọn fi ọwọ́ lásán pa ẹkùn, kò ní bá ọ jiyàn. Yóò kàn fi pẹ́ńsù kan ètè, yóò ní, "Níbo lẹ wà nígbà tó ṣẹlẹ̀?" Ẹni tó bá fojú rí ọ̀rọ̀, Tíṣà á kọ "ojú" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá kàn gbọ́ ọ, á kọ "etí", á sì kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ fún un. Ọ̀pọ̀ àgbà ló ti fi ìbínú dìde níwájú rẹ̀. A ò lè bá wọn wí. Ta ló fẹ́ kí ọmọ tí wọ́n bí níṣojú òun máa bá òun ṣẹjọ́ lórí ẹkùn?

Nígbà tí ọdún ń lọ sópin, ìyálé ilé wọn dàgbà, ó kú. Ìyálé kì í ṣe ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ pọ̀ jù. Obìnrin tó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ ilé ọkọ ni. Òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ bu ẹran fún, òun ló sì ń ṣáájú àwọn obìnrin ilé níbi gbogbo. Méjì ló wá kù tó lè jẹ ẹ́: Màmá Beatrice, ìyá tó bí Tíṣà gan-an, àti Ìyá Yéwándé. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò tó ti di olóògbé ló fẹ́ wọn, ọdún ìràwọ̀ oníru, ìyẹn 1910, ni àwọn méjèèjì sì wọlé. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti ń jiyàn lórí ẹni tó ṣáájú, tí wọ́n ń jà, tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá Ọlọ́runtọ́ba, olórí ilé, ní kí Tíṣà wádìí rẹ̀, kí ó kà á sétí gbogbo ilé lọ́jọ́ ọdún tuntun. Màmá Beatrice kò tilẹ̀ dúró gbọ́ parí tó fi lọ ra ìborùn tuntun. Ọmọ òun ló ń kọ̀wé, kí ló tún kù?

Tíṣà fi Bàbá Ọlọ́runtọ́ba bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá rẹ ló ṣáájú," ni bàbá wí.

"Níbo lẹ wà, Bàbá?"

"Mo wà lóko, lọ́nà Emùré."

"Ta ló wá sọ fún yín?"

"Ìyá rẹ náà ni."

Ó bi Samuel tó ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Tíṣà ló sọ fún òun náà. Ẹlẹ́rìí pọ̀, ṣùgbọ́n kànga kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti pọnmi. Tíṣà bá lọ yẹ ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì wò. Ìyá rẹ̀ ni ẹni kẹrìnlá níbẹ̀, Ìyá Yéwándé ni ẹni kọkànlélọ́gbọ̀n. Inú rẹ̀ dùn títí tó fi dé ẹnu ọ̀nà, kó tó rántí pé ẹni tó tètè ṣèrìbọmi kọ́ ló tètè lọ́kọ.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, àwọn ìyá méjèèjì ń sá kòkó lágbàlá, Tíṣà jókòó sítòsí pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Ìgè, ọmọ ilé náà, àgbẹ̀ tó ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, ti oko dé.

"Ìgè! Uṣu mi dà?" Ìyá Yéwándé kígbe.

"Ẹyinfúnjowó, ọkọ mi," Màmá Beatrice kí i, "ẹ kú oko o."

Pẹ́ńsù bọ́ lọ́wọ́ Tíṣà. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ orúkọ méjèèjì, kò sì rò ó wò rí. Ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà jẹ́ ìkókó. Orúkọ àdàpè ló máa fún un. Ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn tó ti wọlé nìkan ló lè la orúkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyá Yéwándé ti wà nílé kí wọ́n tó bí Ìgè. Ìyá Tíṣà ní tirẹ̀, ó bá Ìgè nílé ni.

Ọjọ́ mẹ́ta ni oúnjẹ kò wọ̀ ọ́ lọ́fun, iyán ìyá rẹ̀ sì ni o. Bó bá kọ ọ́, ó gba ipò lọ́wọ́ ẹni tó bí i. Bí kò bá kọ ọ́, gbogbo àgbà tó ti fi "níbo lẹ wà" dà láàmú, ó rẹ́ wọn jẹ ni. Ojú ń tì í fún ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ó wọ ilé ìdáná lọ bá ìyá rẹ̀.

"Yèyé, kí ni orúkọ Ìgè?"

"Ẹyinfúnjowó ni."

"Èyí tó mú tọ̀run wá ń kọ́?"

"Ṣé o fẹ́ kí n máa pe ọkọ mi lórúkọ ni? Ṣebí mo bá a nu..." Ọmọrogùn dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo bá a nulé," ló wí jẹ́jẹ́.

"Yèyé, níbo lẹ wà lọ́jọ́ tí Ìyá Yéwándé wọlé?"

"Mo wà ní yàrá. Ìyàwó tuntun ni mí, n kì í jáde. Ojú ihò ilẹ̀kùn ni mo ti rí i tó gbẹ́rù dé, tí àwọn obìnrin ulé ń kọrin pàdé rẹ̀." Ó jókòó sórí àpótí. "Ó máa ń sọ fún mi pé ọ̀dọ̀ ìyá òun tó ń ṣàìsàn ní Emùré lòún ti ń bọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ní irọ́ ló ń pa. Ojú mi ló sáà rí i! Àṣé ó ń padà wálé ni, mo pè é ní ìyàwó tuntun."

Tíṣà rò pé inú á bí i. Àfi bí ìyá rẹ̀ ṣe bú sẹ́rìn-ín, tó ń rín in títí omi fi dà lójú rẹ̀. "Ọmọ tí mo bí ló fi ọkọ mi mú mi! Kọ ọ́, Pius. Bó ṣe rí gan-an ni kí o kọ ọ́."

Lọ́jọ́ ọdún tuntun, Tíṣà ò tíì kà á tán tí Màmá Beatrice fi dìde. Ó bọ́ ìborùn tuntun náà, ó fi bo èjìká Ìyá Yéwándé, ó sì kúnlẹ̀.

"Ìyálé mi, ẹ kú ọdún."

Ariwo ayọ̀ sọ. Ìyá Yéwándé, tó ti ń to ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ jọ de ọjọ́ yìí láti bí ogójì ọdún, da gbogbo rẹ̀ nù. Ó fà á dìde, ó gbá a mọ́ra, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pín ẹran àkọ́bù sí méjì ọgbọọgba.

"Tíṣà," Bàbá Ọlọ́runtọ́ba pè é láàárín ariwo, "kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Àbí níbo lo wà?"

Tíṣà nu ojú rẹ̀ nù, ó ṣí ìwé. Ó kọ ọ́ pé ìyá òun kúnlẹ̀ fún ìyálé rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó kọ "ojú", ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i.