Ìrọbí Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Jẹ́wọ́

Ọjọ́bọ̀ ni, aago méje àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo rántí nítorí pé rédíò ilé kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìròyìn ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ògiri, ó sorí kọ́, kò sì mira títí nǹkan náà fi kọjá. Nígbà tó yíjú padà tó rí mi, ó ní, "Kí lò ń wò? Gbé agbọ̀n yẹn, ká lọ dín gàrí."

Mo ní aago méje, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo rí i nìyẹn. Ó lè ti bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Òun nìkan ló mọ̀, kò sì sí láyé mọ́ kí n bi í.

Ìgànná ni a wà. Ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba fún àwọn olóṣèlú ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, mo sì wá dúró lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi nílé ọkọ rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi tó yanjú. Oyún kejì ló wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé àkọ́bí rẹ̀ jáde ní ọsibítù kan ní Ìsẹ́yìn, lẹ́yìn tó ti rọbí títí tí agbára rẹ̀ fi tán. Èmi ni mo bá a lọ sí ọsibítù náà nígbà tí oyún kejì dàgbà. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò fara balẹ̀ bá wa sọ̀rọ̀. Ó ní ojú àpá inú ilé ọmọ lè ya bí ìrọbí bá pẹ́, àti pé bí ó bá ya, inú ni ẹ̀jẹ̀ yóò máa dà sí, ojú kò ní í tètè rí i. Ó ní àwọn kan máa ń bí i fúnra wọn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti lè tètè là wọ́n ló yẹ kí wọ́n wà. Ẹ̀gbọ́n mi bi í pé, "Kí lẹ ń pè ní pípẹ́?" Nọ́ọ̀sì ní òun kò lè fi wákàtí sọ ọ́, bó bá ti bẹ̀rẹ̀, kó máa bọ̀.

Ìdí nìyí tí n kò fi lè gbà pẹ̀lú àwọn tó ní àìmọ̀ ló pa á. Ó mọ̀.

A sì ṣètò. Awakọ̀ kan wà ládùúgbò tó ń fi ọkọ̀ pijó ná Ìsẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló lọ bá a, wọ́n sì jọ fẹnu kò pé bí oṣù rẹ̀ bá ti pé, ọkùnrin náà kò ní í kúrò nílùú láàárọ̀ láì kọ́kọ́ yà bi í bóyá nǹkan ti ṣe. A di aṣọ ọmọ, ìró àlòkù, owú àti ọṣẹ sínú báàgì kan.

Ohun tí a kò rò mọ́ ètò náà ni pé nílé ọkọ rẹ̀, obìnrin kì í jẹ́wọ́ ìrọbí lójú èrò. Yóò máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ, yóò máa sọ pé kò sí nǹkan, títí yóò fi wọ yàrá tí ìyá ọkọ rẹ̀ á sì ti ilẹ̀kùn. Wọ́n gbà pé bí etí púpọ̀ bá gbọ́ ọ, ọmọ á kọ̀, kò ní í wá sílẹ̀. N kò gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n n kò lè pè wọ́n lómùgọ̀. Lójú tiwọn, ẹ̀rí wà nílẹ̀: nígbà àkọ́bí, ẹ̀gbọ́n mi ké, gbogbo àdúgbò gbọ́, ọ̀bẹ dókítà ló sì parí rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn obìnrin ilé gàrí, níbi tí wọ́n ti jọ ń dín gàrí, ti ń pè é ní Dókítà-bá-mi-bí-i. Òun náà a máa bá wọn rẹ́rìn-ín. N kò mọ bí ẹ̀rín náà ti jinlẹ̀ tó.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó jókòó ti agbada, ó ń dín gàrí. Lóòrèkóòrè, ọwọ́ rẹ̀ á dúró. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní, "Ìyàwó, gàrí rẹ ń jó o! Àbí dókítà ni yóò tún wá bá ọ rò ó?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ jẹ́ ó jó. Ọkọ mi fẹ́ràn èyí tó jó."

Mo súnmọ́ ọn, mo rọra bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀?"

"Kí ló bẹ̀rẹ̀? Ẹ̀yìn ló ń dùn mí. Yunifásítì, lọ fọ agbọ̀n."

Kò pẹ́ tí pijó náà fi dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Awakọ̀ kò sọ̀ kalẹ̀. Ó yọrí, ó ké sí i bí gbogbo ènìyàn ti ń ké sí ará ilé gàrí: "Ìyàwó wa, mò ń lọ Ìsẹ́yìn o! Ṣé kò sí nǹkan?"

Gbogbo obìnrin náà yíjú sí i. Ìyá ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń jọ gàrí. Ẹ̀gbọ́n mi wo ọkọ̀ náà.

"Kò sí nǹkan. Ẹ lọ re, ẹ bọ̀ re."

Mo ké, mo ní, "Bọ̀dá, ẹ dúró ná!"

Ìyá ọkọ rẹ̀ ní, "Ẹn-ẹ́n? Ṣé ìwọ ló lóyún ni?"

Ẹ̀rín tún sọ. Ẹ̀gbọ́n mi náà rẹ́rìn-ín, òógùn bo ojú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má dá a lóhùn, ìwé ló ń dà á láàmú. Ẹ máa lọ." Òun ni awakọ̀ bá ṣe àdéhùn, ẹnu rẹ̀ ló sì gbọ́ràn sí. Ó lọ.

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí wò títí. Bí ó bá jẹ́ pé níkọ̀kọ̀ ni awakọ̀ bi í, ṣé ìdáhùn mìíràn ni ì bá fún un? Báàgì ọmọ tí mo rí nídìí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ láàárọ̀ ń sọ pé ó fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ó ti sọ fún mi nígbà kan pé òun fẹ́ fi ara òun bí ọ̀kan, kí òun náà mọ̀ ọ́n. N kò rí èyí tó wúwo ju èkejì lọ.

Nígbà tí oòrùn ga, ó wọ yàrá. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Èmi tí n kò tíì bímọ kò lè wọlé, mo bá jókòó síta. Ó pẹ́ tí n kò gbọ́ ju ìkérora lọ. Lẹ́yìn náà ó ké lẹ́ẹ̀kan, igbe náà sì dá lójijì. Ìyá ọkọ rẹ̀ jáde, ó ní, "Sáré lọ pe nọ́ọ̀sì wá."

Nọ́ọ̀sì ilé ìgbẹ̀bí ìlú kò pẹ́ nínú yàrá. Ó jáde, ó ní, "Ẹni tí wọ́n ti là rí! Ta ló ní kí ẹ mú un jókòó sílé?"

Ìyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ó ní kò sí nǹkan. Mo bi í nínú yàrá, èmi àti òun nìkan, ó ní kò sí nǹkan. Bó bá ní òun fẹ́ lọ, ǹ bá pọ̀n ọ́n lọ."

Mo gbà á gbọ́. Títí di òní, òun ni ọ̀rọ̀ tó bà mí nínú jẹ́ jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ti oko dé, ó sì gun kẹ̀kẹ́ lọ dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà. Kò rí ọkọ̀ kankan àfi pijó yẹn kan náà, nígbà tó ń padà bọ̀ láti Ìsẹ́yìn, tí oòrùn ti ń wọ̀.

Ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn náà kò bára mu. Ìyá ní kò dé Ìsẹ́yìn kó tó kú. Awakọ̀ ní ó ṣì ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu géètì ọsibítù. Ọkọ rẹ̀ kò sọ nǹkan kan rí. Wọ́n ní ọmọ náà kò yè, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé òun rí i. Wọn kò jẹ́ kí n dé ibi ìsìnkú. N kò sí níbi kankan nínú ìwọ̀nyí.

Ibi tí mo wà ni iwájú ilé, nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ sórí ìjókòó ẹ̀yìn, tí wọ́n gbé orí rẹ̀ lé ẹsẹ̀ ìyá ọkọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì àti ọkọ rẹ̀ há ara wọn mọ́ iwájú, kò sí àyè fún mi. Ojú ẹ̀gbọ́n mi là. Ó ní òǹgbẹ ń gbẹ òun. Mo bu omi wá, nọ́ọ̀sì ní kí n má fún un. Wọ́n pa ilẹ̀kùn dé. Nínú gíláàsì, mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó nà sókè, tó di irin tó wà lókè ilẹ̀kùn mú. Títí ọkọ̀ fi yà sí ọ̀nà Ìsẹ́yìn, ọwọ́ náà kò jábọ́.