Iṣẹ́ Mi Ni Ẹ Rà, Ẹ Ò Ra Ahọ́n Mi

Kí ẹnikẹ́ni má wá bá mi sọ pé Tahani kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Èmi ni mo tọ́ ọ. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì kéré, ọkọ tèmi náà kú lọ́dún kan náà, ni mo bá kó ẹrù mi wá sí ilé bàbá rẹ̀ tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá Haytham, níbí ní ìlú Salt. Láti ìgbà náà, ọwọ́ mi ni ọmọ náà ti jẹun. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ọ ló lò, àfi pé ó lò ó níbi tí àwọn ọkùnrin ìlú yìí kò rò pé obìnrin lè lò ó.

Lọ́yà ni. Ó ti kọ́kọ́ ń ṣe ẹjọ́ ní kóòtù ní Amman fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó tó wá fi kóòtù sílẹ̀, tó lọ ń ṣe lọ́yà fún ilé-iṣẹ́ wàrà Àlàájì Rakan ní ìsàlẹ̀ àfonífojì. Ìlú fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Khalaf, ọmọ àbúrò bàbá wa, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, a máa pariwo pè é láti òdìkejì títì:

"Lọ́yà inú wàrà! Ṣé àwọn màlúù ló ń pera wọn lẹ́jọ́ ni?"

"Bọ̀ọ̀dá Khalaf, màlúù sàn. Ó kéré tán, wọn kì í bura èké bí àwọn ẹlẹ́rìí yín."

Èmi gan-an bi í léèrè ìdí tó fi lọ. Ó ní, "Àǹtí, ní kóòtù, ìgbà tí nǹkan bá ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe ni wọ́n ń pè mí. Bí mo bá wà nínú ilé, mo lè dí i kó tó bàjẹ́." Mo ní ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni, àmọ́ kó lọ wá sókòtò tó nípọn, òtútù ń mú níbi tí wọ́n ti ń ṣe wàrà. Ó ra bàtà rọ́bà pẹ̀lú. Kò sí ìwé kankan nípa ẹ̀rọ tàbí òṣìṣẹ́ tó máa fọwọ́ sí tí kò ní kọ́kọ́ wọ bàtà náà, kó sì lọ fojú ara rẹ̀ wo ohun tí ìwé ń sọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀, Nabil tó ń rí sí ọjà títà sọ fún un níwájú gbogbo àwọn ọ̀gá pé, "Lọ́yà, a ò gbà yín síṣẹ́ kẹ́ ẹ máa sọ fún wa pé ká má ṣe é o. Ọ̀nà tá a máa gbà ṣe é la fẹ́ kẹ́ ẹ máa wá."

Tahani dá a lóhùn pé, "Ọ̀gbẹ́ni Nabil, iṣẹ́ mi ni ẹ rà, ẹ ò ra ahọ́n mi."

Ó kọ ọ̀rọ̀ yẹn gàdàgbà sára páálí, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ẹ̀yìn àga rẹ̀, níbi tí ẹni tó bá wọlé wá kò ní ṣàì rí i. Nígbà tí Àlàájì Rakan kà á, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá ń mú àwọn àlejò wá wò ó. "Ẹ wá wo lọ́yà mi o! Gbogbo nǹkan ni mò ń tà níbí, àfi ahọ́n obìnrin yìí." Inú rẹ̀ dùn sí i nígbà náà, torí pé ahọ́n yẹn kò tíì dojú kọ òun fúnra rẹ̀.

Kì í ṣe Tahani nìkan ló ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin bíi tirẹ̀ wà káàkiri, àwọn lọ́yà tó jókòó sínú ilé-iṣẹ́ oníṣẹ́, tí wọ́n jẹ́ obìnrin kan ṣoṣo láàárín ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ọkùnrin. Wọ́n máa ń pe ara wọn lórí fóònù, wọ́n á máa bú àwọn ọ̀gá wọn, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Èyí tó wà ní báńkì ní Amman, tirẹ̀ ni pé: "Ojú ìwé tó kẹ́yìn ni kó o kọ́kọ́ kà, ibẹ̀ ni wọ́n ń fi ejò pa mọ́ sí." Ti èyí tó wà ní Irbid le ju bẹ́ẹ̀ lọ: "Mi ò ní tọrọ àforíjì fún ohun tí mo mọ̀." Tahani bi mí pé kí ni tèmi. Mo ní tèmi ni pé kí ó wá bá mi bó àlùbọ́sà.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Ramadan kù dẹ̀dẹ̀. Ẹ mọ bí gbogbo ayé ṣe máa ń wá wàrà tí wọ́n ń dì sínú katayef, àkàrà dídùn Ramadan, lásìkò yẹn. Muhannad, ọmọ Àlàájì, ló ń darí ibi ẹ̀rọ. Ó ní irin tí wọ́n fi bo ẹnu ẹ̀rọ tó ń po wàrà ń dá iṣẹ́ dúró, ó ní kí wọ́n tú u kúrò. Tahani wọ bàtà rọ́bà rẹ̀ lọ síbẹ̀, ó rí ẹnu ẹ̀rọ ní gbayawu, ó sì sọ fún Muhannad pé kó dá irin náà padà lójú ẹsẹ̀.

"Tí Ramadan bá parí, Lọ́yà."

"Ẹ̀rọ yìí kò mọ Ramadan, Muhannad."

Kò dá a padà. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ náà fi gba ìka mẹ́ta lọ́wọ́ Hamda, Ìyá Qusay, obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí Muhannad tó mọ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà. Àwọn aṣojú ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní kí ilé-iṣẹ́ kọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ wá, kí lọ́yà sì fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé Hamda fúnra rẹ̀ ló tú irin náà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti wọmi nìyẹn. Bí wọ́n bá kọ òótọ́, Muhannad máa rí ẹjọ́. Àlàájì wọ ọ́fíìsì Tahani, ó ti ilẹ̀kùn.

"Lọ́yà, ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ẹ ṣáà kọ ọ́ pé Ìyá Qusay ló fọwọ́ ara ẹ̀ tú irin yẹn."

"Àlàájì, ìka wo ló fi tú u?"

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Àlàájì wò ó, ó wo páálí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó jáde.

Àwa rò pé ó máa lé e lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbà ọ̀jẹ̀ ni Àlàájì. Ẹ̀gbọ́n mi ló pè lórí fóònù. Ó ní kó múra sílẹ̀, jáhà kan, ikọ̀ àgbààgbà tó ń wá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ onílé, ń bọ̀ nílé wa lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun Alasari, Páṣà Ghalib, gbajúmọ̀ ìlú, ló sì máa ṣíwájú wọn.

"Kò sí láburú o?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi í.

"Ire ni. Ọ̀rọ̀ ọmọ yín Tahani ni."

Ó tán. Ta ló máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn tí kò ní rò ó sí ìgbéyàwó? Nílùú wa, bí jáhà bá ń bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ, wọ́n fẹ́ fẹ́ ẹ ni. Tahani sì ti ń sún mọ́ ogójì ọdún. Ẹ̀gbọ́n mi tó ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí gbàdúrà láti ọdún gbọ́nhan, ńṣe ló dà bí ọmọdé. Ó yá àga lọ́wọ́ aládùúgbò. Ó ní kí n ra kunafa ńlá, oúnjẹ dídùn tí a fi ń gba àlejò. Ó ti pinnu lọ́kàn ara rẹ̀ pé àbúrò Àlàájì, èyí tí ìyàwó rẹ̀ kú, ni ọkọ ìyàwó.

Tahani nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá, èmi ò retí ọkọ kankan o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n bá wá ṣe tán kí ẹ tó dá wọn lóhùn."

"Ìwọ ló fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gba àlejò?"

Wọ́n dé lọ́jọ́ Jímọ̀, mọ́tò wọn gba gbogbo ojú títì. Èmi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ìdáná, mo ṣí i díẹ̀, mò ń rí gbogbo wọn. Wọ́n bu kọfí fún àwọn àlejò. Páṣà Ghalib gbé ife tirẹ̀ kalẹ̀ síwájú, kò mu ún, gbogbo àwọn yòókù náà gbé tiwọn kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kó rí. Olórí jáhà á sọ ohun tí wọ́n wá tọrọ, onílé á gbọ́ ọ, bó bá fara mọ́ ọn, á ní kí wọ́n máa mu kọfí wọn. Bí wọ́n bá ti mu ún, ọ̀rọ̀ ti dé, kò sí àyípadà. Bí kọfí bá sì tutù síwájú àlejò, ẹ̀gàn onílé ni.

Páṣà dìde, ó yin àwọn baba ńlá wa, ó yin ilé wa. "A wá tọrọ ohun kan lọ́wọ́ yín, Bàbá Haytham, nípa ọmọ yín Tahani, ohun tó máa so ilé méjèèjì pọ̀…"

Ẹ̀gbọ́n mi kò lè dúró mọ́. Ayọ̀ ti gùn ún lórí.

"Páṣà, ẹ mu kọfí yín! Ohunkóhun tí ẹ bá wá, ẹ ti rí i gbà!"

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ gbọ́ mi o, Páṣà Ghalib ti ń ṣíwájú jáhà láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Ó mọ̀ dájú pé onílé kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ọmọlúàbí á gbé ọwọ́ lé ife, á ní, "Ẹ ní sùúrù, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ mi." Òun gbé kọfí náà, ó mu ún tán lẹ́ẹ̀kan náà, ó gbọn ife, ó gbé e kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ọlọ́run á bù kún yín. Lọ́jọ́ Àìkú, Tahani á fọwọ́ sí ìwé Àlàájì."

"Ìwé wo?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Wọ́n ṣàlàyé fún un. Mo rí ojú rẹ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n tún rí irú ojú bẹ́ẹ̀ lára ẹ̀gbọ́n mi mọ́ láyé. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó. Ó tẹjú mọ́lẹ̀, ó wá pe orúkọ ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú ohùn kékeré.

Tahani jáde sí wọn. Ó kí wọn dáadáa, bí mo ṣe kọ́ ọ.

Páṣà ní, "Ọmọ mi, bàbá ẹ ti fọ̀rọ̀ fún wa, a sì ti mu kọfí. Ó di ọwọ́ ẹ."

"Páṣà, bàbá mi kì í parọ́. Ohun tó jẹ́ tiẹ̀, ó ti fún yín. Igi ólífì wà lẹ́yìnkùlé, àga tẹ́ ẹ jókòó lé rèé, àfi àwọn tá a yá. Ẹ máa kó o lọ. Àmọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀ Ìyá Qusay kì í ṣe ti bàbá mi, kò lè fi ta yín lọ́rẹ."

"O fẹ́ dójú ti bàbá ẹ láàárín àwọn ọkùnrin?"

"Èmi kọ́ ni mo dójú tì í, sà. Ẹni tó mọ̀ pé bàbá mi ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀, tó sáré gbé kọfí mì, òun ló dójú tì í."

Ariwo sọ. Àwọn kan dìde. Àlàájì Rakan na ìka sí i. "Tahani! Ta ló ń san owó oṣù ẹ?"

"Ẹ̀yin ni, Àlàájì. Ẹ mọ ohun tó kù tí mo máa sọ, torí ẹ ti kà á fún gbogbo àlejò yín. Ìyá Qusay náà fẹ́ràn kọfí. Ẹ wá sọ fún mi, ọwọ́ wo ni kó máa fi gbé ife?"

Wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí ẹni tó fọwọ́ kan kunafa mi. Mo gbé e padà sí ìdáná, mo sì jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìbínú. Kí ló dé tí mi ò ní jẹ ẹ́?

Lọ́jọ́ Àìkú, Tahani kọ òótọ́, ó fọwọ́ sí i, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ mú un lọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n lé e. Nabil ló bá a gbé ẹrù dé ẹnu ọ̀nà.

"Lọ́yà, ẹ gbàgbé páálí yín sára ògiri."

"Mi ò gbàgbé ẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi máa nílò ẹ̀."

Wọ́n ti fi irin bo gbogbo ẹnu ẹ̀rọ padà báyìí, Hamda sì ti gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n nílé wa, ẹ̀gbọ́n mi kò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Gbogbo Ramadan, Tahani á gbé oúnjẹ ìṣínu síwájú rẹ̀, bàbá á jẹ ẹ́, kò ní wojú ọmọ. Ẹ̀gbọ́n mi kò lọ sí gbọ̀ngàn ẹbí mọ́, torí ó mọ ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, pé ọmọbìnrin ti sọ ọ̀rọ̀ òun di yẹpẹrẹ. Tahani tí kò sunkún níwájú Páṣà, ó sunkún sí mi lára nínú ìdáná. "Àǹtí, ṣé bàbá mi máa kú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí nínú ni?" Inú bí mi sí ẹ̀gbọ́n mi, àánú rẹ̀ sì tún ṣe mí, mi ò mọ èyí tí ǹ bá mú.

Àárọ̀ ọdún Ìtúnu dé, àwọn ọkùnrin ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í yà wá kí wa. Tahani ló ń bu kọfí. Ó dé ọ̀dọ̀ Khalaf, Khalaf gba ife, ó gbé e sókè, ó wo gbogbo ilé kó tó wo ẹ̀gbọ́n mi.

"Bàbá Haytham, ṣé ẹ̀yin lẹ ní ká mu ún ni, àbí ká kọ́kọ́ bi Tahani?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tètè pa ẹnu dé. Mo ti fẹ́ da àwo mámúùlù, bisikíìtì ọdún, tó wà lọ́wọ́ mi lé e lórí. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ojú sókè, ó wo Khalaf, ó wá wo ọmọ rẹ̀.

"Bi í," ni ó wí. "Ẹ̀tàn ni wọ́n fi gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi lọ́jọ́ yẹn. Òun ló bá mi gbà á padà."