Aṣọ Tó Ń Gún Ọmọ Télọ̀ Lára

Onísùúrù ni àwọn oníbàárà ń pe télọ̀ yìí, orúkọ náà sì tọ́ sí i. Bí ojú ìrán bá wọ́ díẹ̀, á tú u, á tún un rán. Bó bá tún wọ́, á tún un tú. Wọ́n máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tó bá gbé aṣọ ìgbéyàwó fún un, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ọmọ onítọ̀hún ni yóò wọ̀ ọ́. Òun náà á rẹ́rìn-ín, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé, ó wá rí i pé sùúrù tí òun ní fún aṣọ, òun kò ní in fún èèyàn.

Òwúrọ̀ ni wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń fọ aṣọ nílé ìwòsàn, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tó fi ń jáde. Bàbá ló ń wẹ ọmọ, òun ló ń wọṣọ fún un. Yàrá méjì ni wọ́n ń gbé, ṣọ́ọ̀bù wà níwájú, tábìlì tó fi ń gé aṣọ fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ẹnu ọ̀nà pa. Láti kékeré ni ọmọ náà ti ṣòroó mọ̀. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ yarun rẹ̀, igbe ni. Bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata nílé kejì, á di etí, á wọ abẹ́ tábìlì. Ìrẹsì funfun lásán ló ń jẹ. Bí ọbẹ̀ bá kan ìrẹsì náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan péré, ó parí nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n bàbá náà obìnrin, tí kì í ṣe aláìsọ̀rọ̀, ti rí ìdí rẹ̀ tipẹ́.

"Àbúrò mi, ẹ ti kẹ́ ọmọ yìí bàjẹ́. Ẹgba ló ń wá."

Bàbá fúnra rẹ̀ ló rán aṣọ ilé-ìwé ọmọ náà. Aṣọ líle tó lè pẹ́ ló rà, ó sì fi sítáàṣì sí ọrùn rẹ̀ títí tó fi dúró gbagidi. Ọmọ náà kò tíì wọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọrùn rẹ̀ bí ẹni tí èèrà bò.

"Ó ń gún mi."

"Kí ló ń gún ọ? Èmi ni mo rán an. Kò sí abẹ́rẹ́ kankan níbẹ̀."

Bí wọ́n ṣe ń fà á láràárọ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà ń dúró níta, ọmọ já bọ́tìnnì mẹ́ta dànù, ó sì ge bàbá rẹ̀ jẹ lọ́wọ́. Rúlà onígi tó fi ń wọn aṣọ ni ọwọ́ bàbá bà. Ó fi nà án, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ká fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Ó na ọ̀tún sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ lẹ̀ mọ́ ògiri. Láti ìkókó ni kò ti fẹ́ kí wọ́n di òun mọ́ra.

Nígbà tí ìyàwó dé tó rí àpá náà, kò pariwo. Ó kàn bi í pé, "Ṣé ẹ̀yin lẹ ṣe èyí?"

"Èmi ni."

Ìyàwó mú rúlà náà kúrò lórí tábìlì, ó sì lọ wo ọmọ.

Kò pẹ́ sígbà náà tí ilé-ìwé fi ránṣẹ́ pè é. Ọ̀gá ilé-ìwé ní bí aago bá ti dún, abẹ́ àga ni ọmọ rẹ̀ ń sá sí. Lánàá, nígbà tí gbogbo kíláàsì ń pàtẹ́wọ́, ó ti ọmọ kan kó lè ráyè sá jáde. Ọmọ tó tì náà ṣubú, eyín rẹ̀ kán.

"Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ ṣì mú un lọ sílé ná, kí àwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò kó tó padà wá."

Bàbá ń lọ níwájú, ọmọ ń tẹ̀ lé e. Ojú tì í débi pé kò lè dá àwọn aládùúgbò tó ń kí i lóhùn.

Ìyàwó rẹ̀ ló wádìí níbi iṣẹ́ títí ó fi gbọ́ nípa obìnrin kan nílé ìwòsàn náà tó ń tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n mú ọmọ lọ bá a, obìnrin náà kò fọwọ́ kàn án rárá. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń to búlọ́ọ̀kù onígi léra wọn, títí ọmọ fi wá jókòó tì í fúnra rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní etí ọmọ náà kò lárùn, awọ ara rẹ̀ kò lárùn. Bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń gba ohun tí etí àti ara bá fi ránṣẹ́ sí i ló yàtọ̀.

"Ohun tó dún wẹ́rẹ́ létí yín lè dà bí ìgbà tí wọ́n ń lu irin létí tirẹ̀. Kì í ṣe pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ń yọ yín lẹ́nu."

"Ṣé ó ní oògùn?" bàbá béèrè.

"Rárá, bàbá. A máa kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, a ó sì tún àyíká rẹ̀ ṣe. Ẹ lọ máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì: kí ló ṣẹlẹ̀ kó tó sunkún?"

Ìwé tó ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí ló fi ṣe é. Ó rí i pé ọmọ kì í sunkún lọ́jọ́ tó bá wọ síńgílẹ́ẹ̀tì òun tó ti gbó. Ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ kò dà á láàmú. Ńṣe ló máa ń gbé àgbọ̀n lé tábìlì kí ó lè máa gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀. Àmọ́ bí omi bá dún ṣàà lórí áyọ́ọ̀nù tó gbóná, ó tán.

Ó yí inú aṣọ ilé-ìwé náà síta, ó fi inú rẹ̀ nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, ó fi nu ọrùn. Kò gún un. Ó tún dán an wò, kò sí nǹkan kan. Èyí ló le jù fún un: kó gba ìrora tí ara tirẹ̀ kò jẹ́rìí sí gbọ́. Ó tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì, ó pe ọmọ.

"Fi ibi tó ń gún ọ hàn mí."

Ọmọ wò ó títí, ó sì fi ìka kàn án: ọrùn, abíyá, ibi tí ìrán méjì ti pàdé lẹ́yìn. Bàbá ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì tẹ̀ lé ìka rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, àmì mẹ́tàdínlógún ló wà lára aṣọ tó ti ń fi tipátipá wọ̀ fún un láràárọ̀. Ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó dúró níbẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi gbẹ.

Ó wá aṣọ rírọ̀, ó fọ̀ ọ́ léraléra, ó fi rán òmíràn láìfi ọrùn sí i, ó sì kọjú gbogbo ìrán síta. Ọ̀gá ilé-ìwé ní ṣé aṣọ tí wọ́n yí inú rẹ̀ síta kọ́ nìyí, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀, ó gbà kí ọmọ wọ̀ ọ́ padà wá. Tíṣà gbé àga ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì ń jẹ́ kó jáde kí aago tó dún. Ìrọ̀rùn díẹ̀ dé. Ẹ̀gbọ́n bàbá wá wò wọ́n, ó rí aṣọ náà.

"Ọmọ ló wá ń darí ilé báyìí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wá sílẹ̀."

Kò tíì dá a lóhùn bẹ́ẹ̀ rí.

Síbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí wọ́n yarun kò tíì yí padà. Bí bàbá bá sì yára gba ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà kọjá, ọmọ á gbé ọwọ́ bo orí. Obìnrin tó ń tọ́jú ọmọ náà ní ìyẹn náà máa gba àkókò. Bàbá kò béèrè bí yóò ti pẹ́ tó.

Nígbà tí ọdún yí po, wọ́n gbé ọmọ lọ sí kíláàsì kejì. Tíṣà tuntun ní òun kò mọ ohun tó ń jẹ́ kí ọmọ kan dá jáde ṣáájú aago. Bàbá tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá géètì ilé-ìwé. Ìgbà méjì ló gbọ́ igbe ọmọ rẹ̀ láti inú kíláàsì, ìgbà méjì ló dìde, tó tún jókòó.