Kíkan Ẹnu Odó

N kò ní dárúkọ abúlé tí a ti sá wá, nítorí àwọn èèyàn mi kan ṣì wà níbẹ̀. Kí n sáà sọ pé òwúrọ̀ ni àwọn agbébọn yìnbọn wọ inú rẹ̀, àti pé láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tó bá dún gbì, ẹsẹ̀ mi á ti gbéra kí n tó ronú. Irú èmi yìí ló wá bá ara rẹ̀ ní Adó-Èkìtì, níbi tí odó ti ń dún lójúlé gbogbo.

Ìjọ tó gbà wá sílé ló ní ká dá oúnjẹ títà sílẹ̀. Wọ́n pín wa ní méjì-méjì, àlejò kan, onílé kan, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé àlejò nìkan ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́. Wọ́n fún àwa méjì ní ìkòkò àti odó. Ẹnìkejì mi jẹ́ opó kan tó dàgbà jù mí lọ, tí mo ń pè ní ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ Adó gan-an, tó ń pe iyán ní uyán. Òun ni yóò máa gún un, èmi ni n ó máa se ọbẹ̀. A pa àtíbàbà sẹ́bàá ọ̀nà ní àdúgbò Adébáyọ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bó ṣe sọ ọmọ odó sílẹ̀ báyìí, mo ti fò kọjá gọ́tà. Kí n tó padà, ẹ̀gúsí ti jóná. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà ni. Àwọn aláta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bóyá iyán ló lé mi kúrò nílé. Mo mọ̀ pé ìjọ lè fi ẹlòmíràn rọ́pò mi, n kò sì ní ibòmíràn tí mo lè lọ. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé kó má bínú.

Kò bínú. Ó jókòó sórí àpótí, ó bi mí léèrè ohun tí mo máa ń gbọ́. Mo sọ fún un.

“Àbúrò mi,” ó ní, “àwọn tó wá bá yín kò kanlẹ̀kùn. Èmi á máa kàn án.”

Láti ìgbà náà, kó tó gúnyán, á fi ọmọ odó kan ẹnu odó jẹ́ẹ́jẹ́, kó, kó, á wojú mi. Bí mo bá mi orí pé ó yá, á bẹ̀rẹ̀. Àyà mi ṣì ń já, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi dúró. Àwọn awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Fájuyì fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ, wọ́n á ní, “Ẹ wọlé, ìyá, iṣu wà nílé.” Nígbà tó yá, ìró yẹn ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n fọwọ́.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi lọ ra iṣu ní ìlú Ìyìn, ọkọ̀ sì bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́nà. Iṣu tó wà lórí iná ti jinná, àwọn oníbàárà ti jókòó. Mo mú ọmọ odó. Mo kan ẹnu odó.

“Ẹ wọlé, ìyá,” awakọ̀ kan dáhùn.

Mo gún un. Ó ní kókó, wọ́n sì sọ fún mi pé ó ní kókó, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé, mo ń fọ odó lọ́wọ́. Ó rí i pé mo ti gúnyán. Ó sọ iṣu kalẹ̀ níta, ó fi ìka kan òpó àtíbàbà, ó sì dúró títí mo fi ní kó wọlé.